Ọwọ́ Gàníyù àti Sánpépà Olómi

Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn kí etí mi sinmi díẹ̀. Ẹ ń lọ ara mọ́tò bí ẹni ń lọ ata, eruku ń bo gbogbo àdúgbò, ẹ sì fi aṣọ di imú bí ẹni ń lọ fín oyin. Mi ò bá yín jà. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Àmọ́ ọ̀kan nínú yín mú bébà dúdú kan wá bá mi láàárọ̀ yìí, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ eléyìí ṣá?" Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ jókòó, kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ fún yín.

Nígbà tiwa, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba títí di ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, etí la fi ń mọ iṣẹ́ tó ń lọ ní Ẹdẹ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ ó gbọ́ fèrè reluwé. Ẹ ó gbọ́ ìró òòlù àwọn alágbẹ̀dẹ. Bí ẹ bá sì dákẹ́ dáadáa, ẹ ó gbọ́ àwọn obìnrin tó ń pa ilẹ̀ nínú agbo ilé. Wọ́n á po ẹlẹ́bọ́tọ, ìgbẹ́ màlúù, pọ̀ mọ́ omi ewé, wọ́n á fi ọwọ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n á wá mú òkúta odò tó jọ̀lọ̀, wọ́n á máa fi ra ilẹ̀ náà títí yóò fi máa kọ mọ̀nà bí awọ ejò. Sìmẹ́ǹtì ti gbé gbogbo ìyẹn mì. Ọmọbìnrin wo ló tún mọ òkúta tí a fi ń dán ilẹ̀ lónìí?

Ṣọ́ọ̀bù wa wà lọ́nà tó lọ sí ìdí reluwé. Èmi ni káfíńtà, Gàníyù ló ń kun mọ́tò. Ọ̀rẹ́ ọmọdé ni wá. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi, àmọ́ Iléyá rẹ̀ ni Iléyá mi, Kérésì mi sì ni tirẹ̀. Lọ́rì ìgbà náà, orí àti imú rẹ̀ nìkan ni irin, pákó ni ìyókù. Èmi á kan pákó, òun á kun ọ̀dà. Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, àwọn onímọ́tò á to ọkọ̀ sílẹ̀ níwájú wa bí èrò tó ń dúró de oúnjẹ sàráà, torí kò sí onímọ́tò tó fẹ́ fi ọkọ̀ tó ti ṣá gbé èrò ọdún.

Kí bébà olómi tó dé, ewé ìpín la fi ń dán igi. Ọ̀nà Alájùe la ti ń já a. Ara ewé náà rí bí ahọ́n màlúù. Àwọn tó ń fín igbá ń lò ó, àwọn tó ń gbẹ́ odó àti ọpọ́n ń lò ó. Ó dára fún igi, àmọ́ bí ẹ bá gbé e lé irin tí a ti kùn, ńṣe ló ń ya ọ̀dà bí èékánná ológbò. Sánpépà gbígbẹ náà wà, èyí tó rí bí iyanrìn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bébà. Ìyẹn, bí omi bá ti kàn án, ó ti di ẹ̀kọ.

Gàníyù ló mú bébà dúdú olómi yìí wálé láti Ìbàdàn, níbi tó ti kọ́ṣẹ́. Lójú mi ló rì í sínú korobá omi. Mo pariwo.

"Gàníyù, o ti ba bébà jẹ́!"

"Káfíńtà, jẹ́ẹ́. Eléyìí ò bẹ̀rù omi. Omi gan-an ni oúnjẹ rẹ̀."

Báyìí ló ṣe ń ṣe é. Yóò kọ́kọ́ fi pọ́tì dí gbogbo ibi tó ti jìn lára irin. Bó bá gbẹ, yóò wé bébà náà mọ́ ègé táyà kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, yóò máa da omi sí i, yóò máa fi í lọ, yóò máa fi í bọ̀. Omi ló ń gbé ìdọ̀tí lọ kó má baà dí eyín bébà. Yóò nu omi kúrò, yóò tẹ orí wò ó. Ibi tó bá ṣì ń dán, kòtò ni, bébà ò tíì débẹ̀. Ibi tó bá ti ṣú, ó ti tẹ́jú. Yóò kùn ún, yóò tún mú bébà tó kúnná ju ti àkọ́kọ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn, ìró rẹ̀ á ti yí padà. Kò ní máa dún háráhárá mọ́, á máa dún ṣìì, ṣìì, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Àwọn èèyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Bàbá ọlọ́kọ̀ kan wà, ará ìlú Ara ni wọ́n, Bàbá Ara la sì ń pè wọ́n. Wọ́n dé lọ́jọ́ kan, wọ́n bá omi tó ń ṣàn lára mọ́tò wọn.

"Ṣé ẹ ń wẹ̀ ẹ́ ni? Ẹ kúkú gbé kànìnkànìn wá, kí ẹ tún kùn ún ní òrí."

Gàníyù ò dáwọ́ dúró. Ó ní, "Bàbá, ẹ má ṣèyọnu. Bó bá wẹ̀ tán, ẹ ó fi ṣe dígí."

Ìyá rẹ̀ pàápàá dá sí i. Mọ́mọ̀ yẹn káàánú ọmọ wọn pé ó ń fi omi lásán fọ nǹkan láti àárọ̀, wọ́n bá yọ́ ọṣẹ dúdú sínú korobá. Ẹ mọ̀ pé eérú wà nínú ọṣẹ dúdú, ó sì lágbára. Kí a tó mọ̀, ọ̀dà tuntun ti ń bọ́ bí awọ iṣu tó jiná. Gàníyù káwọ́ lérí. "Ìyá mi, mọ́tò lẹ bó láṣọ yìí!" Mọ́mọ̀ ní, "Ó ti mọ́ jù bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?" A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé a rẹ́rìn-ín rí níbẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa kàn dé Ìwó ni àṣà kan tí Gàníyù dá sílẹ̀. Kí ó tó kun ọ̀dà ìkẹyìn, ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ wo mọ́tò lójú ẹni tó ni ín. Yóò dijú. Yóò gbé orí ìka rẹ̀ lé imú ọkọ̀, yóò máa rìn ín lọ jẹ́ẹ́jẹ́ láti òsì dé ọ̀tún. Bí ìka rẹ̀ bá kan ibi tó wú tó hóró èkùrọ́ kéékèèké, tàbí tó kéré sí i gan-an, yóò dúró, yóò ní, "Ibí yìí." Wọ́n á fi ẹfun sàmì síbẹ̀. Ìgbà tí ìka bá rìn já tí kò sọ nǹkan kan ni yóò tó lajú, yóò ní, "Ó ti jẹ́ ọ̀kan." Ó wá di nǹkan ìwòran. Àwọn èèyàn á fi ọjà sílẹ̀ wá wò ó. Ojú ń tanni jẹ, òun ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìka ò mọ irọ́ pa.

Ẹ gbọ́ bí ìka ṣe wá parọ́.

Mò ń se gúlúù lórí iná lọ́jọ́ kan, èyí tí a fi ń lẹ pákó. Agolo náà ń hó gan-an. Mo ní kí Gàníyù bá mi wá àkísà tí n ó fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó kan na ọwọ́, ó fi ọwọ́ lásán gbé agolo náà, ó gbé e fún mi. Gbogbo wa hó yè. "Ọlọ́wọ́ irin!" Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn lára láti ọjọ́ náà. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó di ọ̀sán ni mo rí i pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti wú, omi ti gba ibẹ̀.

Mo ní, "Kò dùn ọ́ ni?"

Ó ní, "Sánpépà ló ti jẹ orí ìka mi. Ọwọ́ iṣẹ́ ni."

Mo gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ẹni tó bá fi ọwọ́ sínú omi láti àárọ̀ dálẹ́ pẹ̀lú bébà tó ń jẹ irin, ìka rẹ̀ á funfun, á hunjọ, kò ní mọ nǹkan mọ́ títí dọjọ́ kejì. Gbogbo wa la mọ ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi kan tó funfun lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, a ní làpálàpá ni, ìyá rẹ̀ sì ń fi òróró pa á. Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà wá, iṣẹ́ wa ló bò ó mọ́lẹ̀.

Gàníyù ní kí bébà sinmi lọ́wọ́ òun títí ìka òun yóò fi sọjí. Ìgbà yẹn ni Àṣàkẹ́, ìyàwó rẹ̀, bọ́ sínú iṣẹ́. Àṣàkẹ́ mọ ilẹ̀ í dán ju gbogbo obìnrin ilé wọn lọ. Ó mú bébà, ó rì í sómi, ó fi rin imú mọ́tò bí ẹni ti ń ṣe é tipẹ́. Obìnrin nínú ṣọ́ọ̀bù mọ́tò nígbà náà? Ẹ ò lè mọ bó ti rí. Àwọn awakọ̀ ń sọ òkò ọ̀rọ̀.

"Gàníyù ti sọ ìyàwó di ọmọ iṣẹ́!"

Àṣàkẹ́ ò gbójú sókè. "Ilẹ̀ tí ẹ ń sùn sí nílé, ta ló dán an fún yín? Ṣé irùngbọ̀n yín lẹ fi dán an?"

Òun nìkan ló mọ̀ pé ìka ọkọ òun ò sọjí. Kò sọ fún mi. Àmọ́ mo rí nǹkan kan tí mi ò lóye. Bí Gàníyù bá dijú tó ń fọwọ́ wo mọ́tò lójú ọlọ́kọ̀, Àṣàkẹ́ á dúró nítòsí pẹ̀lú korobá rẹ̀. Bí ìka bá fẹ́ kọjá ibi tó wú, ikọ́ á mú Àṣàkẹ́. Gàníyù á dúró, á ní, "Ibí yìí." Mo rò pé eruku ni. Mo tiẹ̀ fún un ní orógbó.

Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà, lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti dàrú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an nìyí: "Bọ̀dá Káfíńtà, mo ti fi ọwọ́ mi wò ó kí ó tó dijú. Mo mọ gbogbo ibi tó burú. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gba ìka rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú èèyàn."

Iléyá ọdún kan ń bọ̀. Mọ́tò Bàbá Ara ló wà nílẹ̀, a ti kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè, ó ku bébà tó kúnná jù àti ọ̀dà ìkẹyìn. Àṣàkẹ́ lọ sí Alájùe, wọ́n ń sọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Bàbá Ara yọ sí wa. Wọ́n fẹ́ mọ́tò wọn ṣáájú ọjọ́ tí a dá.

Gàníyù ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń pa á kò sí nílé. Ọ̀la ló ń bọ̀."

"Ìyàwó rẹ ni?" Ohùn wọn lọ sókè. "Gàníyù, ìwọ ni mo gbé mọ́tò fún. Àgbò Iléyá mi ni yóò gbé. Mú bébà, kí n rí ọ."

Awakọ̀ wọn wà níbẹ̀, àwọn tó ń ta àkàrà wà níbẹ̀, èrò tó ń lọ sí ìdí reluwé ti dúró. Kí ni ọkùnrin fẹ́ ṣe? Gàníyù ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó ri bébà sómi, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bó ti ń fà á. Ó ń sọ ìtàn ọ̀gá rẹ̀ ní Ìbàdàn, ọ̀gá kan tó jẹ́ pé bó bá bínú, aṣọ ara rẹ̀ ló ń ya. Èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Mo ń gé pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Obìnrin alákàrà ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Ṣé mọ́tò àwọ̀ ìyeyè ló ń yọ omi pupa yẹn?"

Mo wo omi. Ó ń ṣàn látorí imú ọkọ̀ sílẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó pọ́n. Bébà ti já lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìka ló fi ń fa irin, ìka gan-an, ó ń lọ, ó ń bọ̀, awọ ti ṣí kúrò lórí mẹ́ta nínú wọn. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń sọ ìtàn ọ̀gá rẹ̀.

"Gàníyù," mo ní. "Ọwọ́ rẹ."

Ó gbé e sókè, ó wò ó. Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ọwọ́ ẹlòmíràn fún kó bá wọn mú. Kò pariwo. Kò sí ohun tó dùn ún. Kí ibi tó ti yẹ kó dun èèyàn má dùn ún, ìyẹn ló dẹ́rù ba gbogbo ayé.

Àgbàlagbà kan wà láàárín èrò. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n wo ọwọ́ náà, wọ́n wo etí rẹ̀ tó ti nípọn, wọ́n wo ibi tó funfun lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Wọ́n fà sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Àrùn ńlá ni." Wọn ò dárúkọ ẹ̀tẹ̀. Nígbà tiwa, a kì í pè é lórúkọ níwájú ẹni tó ní in.

Ẹ rí bí èrò ṣe ń tú ká nígbà tí agbọ́n bá jáde? Bẹ́ẹ̀ ni. Alákàrà fi agbada sílẹ̀ lórí iná. Bàbá Ara dúró jìnnà, wọ́n ń sọ fún awakọ̀ wọn pé kó lọ pọn omi, kó fọ mọ́tò náà, kó tún un fọ̀. Awakọ̀ ní, "Bàbá, èmi kọ́." Gàníyù dúró láàárín, ó nawọ́ síwájú, ẹ̀jẹ̀ ń kán. Ó ń bẹ̀ wọ́n. Ó ní, "Ó ku díẹ̀, Bàbá. Ó ku díẹ̀ kó jẹ́ ọ̀kan."

Mo wé aṣọ mọ́ ọwọ́ náà.

Ilé wọn ṣèpàdé ní ọjọ́ kejì. Bó ti rí nígbà náà nìyẹn: ẹni tó bá ní in kò gbọ́dọ̀ gbé àárín ìlú. Wọ́n kọ́ ahéré kan fún un lẹ́yìn oko wọn, lápá ibi tí odò Ọ̀ṣun ti yà. Wọ́n á gbé oúnjẹ sórí òkúta, wọ́n á pè é, wọ́n á kúrò kó tó jáde. Ìyá rẹ̀ ń gbé oúnjẹ lọ, ń sunkún bọ̀. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tó bá a jẹ nínú àwo kan ṣoṣo láti kékeré ti sun ẹní rẹ̀.

Ìyá Àṣàkẹ́ dé láti Alájùe. Mo wà níbẹ̀.

"Àṣàkẹ́, dìde. Ẹrù rẹ dà?"

"Mi ò lọ, Ìyá mi."

"Ṣé o fẹ́ kí ìka tìrẹ náà máa já bọ́ ni? Ta ni yóò fẹ́ ọ? Ta ni yóò bá ọ dáná?"

"Ìyá mi, ìka mi ló kù fún un."

Mọ́mọ̀ náà jókòó sílẹ̀, wọ́n ká ẹsẹ̀ kò. Wọ́n bú sẹ́kún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, àmọ́ mi ò mọ ohun tí ẹnikẹ́ni rí lọ́jọ́ náà.

Mo lọ bá dísípẹ́ńsà ìlú, ẹni tó ń pín oògùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó fi sùúrù dá mi lóhùn. Ó ní: "Oògùn rẹ̀ ti dé. Kì í ṣe ti àtijọ́ tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún èèyàn títí tí kò sì sàn mọ́. Hóró ni, gbígbé mì ni. Kì í tiẹ̀ ràn bí ẹ ṣe rò. Àmọ́ a ò ní in níbí. Ibùdó ìtọ́jú kan wà kọjá Òṣogbo, ẹ gbé e lọ síbẹ̀. Ẹ ṣe é kíá. Ohun tó bá ti já kò ní hù padà."

Ẹ ṣe é kíá. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dún létí mi. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Egbò ìka Gàníyù ti ń rùn nínú ahéré tí òun àti Àṣàkẹ́ ń gbé, eku sì jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ nígbà tó ń sùn, kò mọ̀. Àṣàkẹ́ ló rí ojú eyín rẹ̀ láàárọ̀. Láti ọjọ́ náà, obìnrin náà kì í sùn kí ó tó yẹ gbogbo ara ọkọ rẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ àgbàdo wò kí ó tó tọ́jú rẹ̀.

Mo lọ sí ibùdó ọkọ̀. Kò sí lọ́rì kan tó dúró níbẹ̀ tí kì í ṣe Gàníyù ló kùn ún. Wọ́n ń dán lóòrùn. Mo bẹ awakọ̀ àkọ́kọ́, ó mi orí. Mo bẹ ìkejì. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọ̀rẹ́ wa, a jọ ń mu ẹmu, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Káfíńtà, mo mọ̀ ọ́n. Òun ló sọ mọ́tò yìí di iyì. Àmọ́ bí èrò bá gbọ́ pé ó jókòó nínú rẹ̀, ta ni yóò tún wọ̀ ọ́? Ìyàwó mi ń jẹ, ọmọ mi ń jẹ."

"Kí ó dúró lẹ́yìn, níbi ẹrù."

"Àwọn tó ń jẹ ẹrù náà ńkọ́?"

Kò sí bí a ṣe se ebòlò tí kò ní rùn igbẹ́. Gbogbo ibi tí mo yí sí, òórùn yẹn ló ṣáájú wa débẹ̀.

A bá fi ẹsẹ̀ rìn. Mo gbé Gàníyù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi, mò ń tì í, Àṣàkẹ́ ru ẹrù tẹ̀lé wa. A ń yà fún ojú ọjà. Bí a bá pàdé èèyàn, Gàníyù á fi aṣọ bo ọwọ́. Nílé kan tí a ti bèèrè omi, wọ́n bù ú fún wa tayọ̀tayọ̀. Bí wọ́n ti rí ọwọ́ rẹ̀, wọ́n fọ́ igbá náà mọ́lẹ̀ lójú wa. Àṣàkẹ́ ṣa ègé igbá náà kúrò lójú ọ̀nà kó má baà gún ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ibi tí òpópó ti gùn, lọ́rì kan ré wa kọjá. Àwọ̀ ìyeyè ni. Eruku rẹ̀ bò wá, kò dúró. Mo ṣépè. Gàníyù dì mí lápá mú pẹ̀lú ọwọ́ tí kò mọ ohun tó dì mú, ó ń tẹjú mọ́ mọ́tò náà títí ó fi pòórá.

Ó ní, "Wò ó, Káfíńtà. Wò ó bó ṣe ń dán."

Ẹ̀yin ọmọ, mo sunkún níbẹ̀. Mo kẹ̀yìn sí i kó má baà rí i.

A dé ibùdó náà. Nọ́ọ̀sì kan jáde wá, ó di ọwọ́ Gàníyù mú ní gbangba, ó ń yí i síbí sọ́hùn-ún, ó ń wò ó. Láti ọjọ́ omi pupa, èmi àti Àṣàkẹ́ nìkan ló ti fọwọ́ kàn án. Gàníyù ń wo obìnrin náà lẹ́nu. Ìka méjì ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, wọ́n gé wọn. Ìyókù dúró.

Ọdún ń gorí ọdún. Reluwé ń fọn fèrè, ṣọ́ọ̀bù wa ṣì wà, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. A gba òmìnira, wọ́n so àsíá mọ́ gbogbo mọ́tò, ẹlòmíràn ló ń kùn wọ́n. Ẹni tó rọ́pò Gàníyù kì í fọwọ́ wo nǹkan kan. Ọ̀dà rẹ̀ wú bí ara ọ̀pọ̀lọ́, àwọn ọlọ́kọ̀ sì ń gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Mo ń lọ kí Gàníyù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọ̀nà bá gbẹ. Mo bá a níbi tí òun àti Àṣàkẹ́ ti ń ṣe bàtà pákó fún àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn yẹn ò mọ nǹkan. Bí pákó bá ní ẹ̀gún kan ṣoṣo, á gún wọn títí á fi di egbò, wọn ò ní mọ̀. Nítorí náà, Àṣàkẹ́ ń rẹ bébà dúdú yìí sínú òróró, ó ń pa bàtà náà títí yóò fi jọ̀lọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ.

Mo dé lọ́dún kan, mo bá ayọ̀ lójú wọn. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí àrùn kankan lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Mo fò sókè. "Ó yá! Ẹ di ẹrù! Ẹ jẹ́ ká lọ."

Gàníyù ò dìde. Ó ní, "Àrùn ti lọ. Ìka mi ni kò bọ̀. Káfíńtà, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan, má sì tàn mí. Bí mo bá dé Ẹdẹ, tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, tí Àṣàkẹ́ ń fi bébà pa á, ta ni yóò gbé mọ́tò wá?"

"Wọ́n á gbé e wá."

"Dárúkọ ẹnì kan. Ẹnì kan ṣoṣo."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nínú orí mi. Mo gba ibùdó ọkọ̀ kọjá, mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ tí a jọ ń mu ẹmu. Mo lọ sílé wọn, mo ya ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Mo lọ dé Ara, mo bọ̀. Gbogbo Ẹdẹ ni mo rìn já lórí àpótí tí mo jókòó lé. Àṣàkẹ́ ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ó ń wo ẹnu mi.

Nígbà tó pẹ́, mo ní, "Èmi."

Gàníyù wò mí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Káfíńtà," ó ní, "ìwọ ò ní mọ́tò."

A bú sẹ́rìn-ín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wa, àwọn aláìsàn ń yọjú láti inú yàrá wọn pé kí ló dé. Nígbà tí ẹ̀rín tán, kò sẹ́ni tó tún dá ọ̀rọ̀ ilé sílẹ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi, èmi nìkan padà sí Ẹdẹ.